Eérú Tó Mọ́ àti Eérú Tó Ṣú: Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀dà Aláwọ̀ Eérú fún Ògiri Inú Ilé

Àwọ̀ eérú ti gbòde nínú ilé wa. Nígbà tí mo ń dàgbà ní Ìbàdàn, funfun, kírímù àti búlúù ni mo máa ń rí lára ògiri pálọ̀ àwọn ènìyàn. Lónìí, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ tún èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ kùn, sábà máa ń sọ fún akunlé pé "áàṣì" ni òun fẹ́. Akunlé tó bá mọṣẹ́ yóò wá béèrè pé ṣé kó mọ́ ni àbí kó ṣú, ibi ìbéèrè kékeré yìí sì ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò, nítorí pé fọ́tò ilé onílé tó wà lórí fóònù ni a fi ń dá a lóhùn, a kì í wo yàrá tí a dúró sí. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mo fi eérú tó ṣú kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí kò ní fèrèsé, oṣù mẹ́ta kò sì pé tí mo fi pe akunlé padà, torí pé ọ̀sán gangan ni a ń tan tọ́ọ̀ṣì ká tó rí ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ àlàyé yìí: ẹ ka ìmọ́lẹ̀ yàrá ná, lọ́sàn-án, lóru àti ní wákàtí tí iná NEPA bá lọ, kí ẹ tó yan eérú.

Àwọ̀ mẹ́ta ni èdè wa mú bí ìyá àwọ̀ yòókù: funfun, pupa àti dúdú. Eérú kò ní ìjókòó tirẹ̀ láàrin wọn. Ó wà ní àárín funfun àti dúdú, ẹni tó bá sì jókòó tì í ló máa ń fà á lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé eérú kan náà lè jọ ẹfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó sì jọ sánmà tó ṣú fún òjò ní igun yàrá yẹn kan náà. Kò sí àwọ̀ tí mo mọ̀ tó ń gbọ́ràn sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu tó o.

Ẹ ka ìmọ́lẹ̀ yàrá

Àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀dà ńláńlá máa ń kọ nọ́ńbà kan sí ẹ̀yìn káàdì àwọ̀ wọn tàbí sí ojú ewé àwọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà mẹ́ta LRV ni wọ́n sì fi ń ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ń sọ fún wa pé, nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá ba ògiri, mélòó ni ògiri yóò dá padà sínú yàrá. Dúdú tó dúdú kirikiri sún mọ́ 0, funfun báláú sún mọ́ 100. Nínú àwọn eérú tí a ń rà, èyí tó mọ́ sábà máa ń wà láàrin 55 sí 70, èyí tó wà ní agbedeméjì máa ń wà láàrin 30 sí 50, èyí tó ṣú bí èédú kì í sì í tó 20.

Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe jọ lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í ba ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó dúró síbẹ̀. Ó máa ń kọ lu ògiri kan, ó ń padà lọ bá òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe kiri títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Bí ògiri bá ń dá 65 padà nínú 100, ìmọ́lẹ̀ tó ti ba ògiri lẹ́ẹ̀mejì ṣì ku nǹkan bí 42. Bó bá jẹ́ 10 ni ògiri ń dá padà, ìmọ́lẹ̀ tó ti ba ògiri lẹ́ẹ̀mejì ku 1 péré. Ìdí nìyí tí yàrá tí a fi eérú tó ṣú kun ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi máa ń ṣókùnkùn ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ nígbà tó ń wo káàdì kékeré ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan ojú jẹ. Ojú ẹ̀dá kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí a ṣe ń ka owó. Àwọ̀ tó ń dá nǹkan bí 18 padà nínú 100 ni ojú wa máa ń mú bí agbedeméjì dúdú àti funfun. Àwọn tó ń fi kámẹ́rà jẹun mọ èyí dáadáa, torí pé káàdì eérú tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò ju ìwọ̀n yẹn lọ. Nítorí náà, eérú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 50 yóò jọ èyí tó mọ́ dáadáa lójú yín, bẹ́ẹ̀ ìdajì ìmọ́lẹ̀ yàrá ló ń gbé mì. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà kankan lára káàdì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé funfun tí a fi ń tẹ̀wé, kí ẹ sì gbà pé ó ṣú ju bí ojú yín ṣe sọ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi tí fèrèsé kọjú sí. Ìmọ̀ràn tó kún inú ìwé àti fídíò àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni pé yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn, pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó sì ń fa eérú sí búlúù. Òótọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn kò ju ìwọ̀n 7 àti ààbọ̀ lọ sí òkè ìlà agbedeméjì ayé, Èkó sì tún sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń gba orí wa kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Láti oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí; ní ìyókù ọdún, ó máa ń tẹ̀ sí gúúsù, ó sì máa ń jìnnà jù lọ ní oṣù kejìlá. Àríwá àti gúúsù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ fún wa. Ohun tó yàtọ̀ ni ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn yóò mọ́ gaara láàárọ̀, yóò sì rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn yóò jẹ́jẹ́ láàárọ̀, tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ òféèfèé yóò ya wọ inú rẹ̀, eérú tó tutù bí irin yóò sì gbóná lójú, bí ìgbà tí wọ́n da epo díẹ̀ sí i.

Ẹ má ṣe dúró lórí ìtọ́sọ́nà fèrèsé nìkan. Ní àdúgbò wa, fẹ́ńsì ilé kejì lè má ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí fèrèsé yín, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé yóò sì ti ba fẹ́ńsì yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, yóò sì gbé àwọ̀ rẹ̀ dání. Ilẹ̀ pupa àgbàlá àti páànù tó ti dípẹtà, tó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹni ní Ìbàdàn, máa ń ta àwọ̀ pupa rúsúrúsú sí ara ògiri funfun, ẹ̀yin náà á sì rí i bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn. Igi máńgòrò tó bo fèrèsé máa ń ta ewé tútù sínú ilé. Gíláàsì aláwọ̀ búráùn tàbí búlúù tí ọ̀pọ̀ ń fi sí fèrèsé alumínọ́ọ̀mù tún ń yọ lára ìmọ́lẹ̀ kó tó wọlé rárá.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán ìmọ́lẹ̀ yàrá wò kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ mú ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́, Bíbélì tàbí ìwé ìròyìn, wọ yàrá náà ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ sì dúró sí igun tó jìnnà jù lọ sí fèrèsé. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ka ìwé náà ní ìgbà méjèèjì láìṣẹ́jú, yàrá yẹn lè gba eérú tó ṣú, ó kéré tán lára ògiri kan. Bí ẹ bá rí i kà ní ìgbà kan ṣoṣo, eérú tó mọ́ ni kí ẹ lò. Bí ẹ kò bá rí i kà rárá, kí ẹ má wulẹ̀ ronú kan eérú tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 60.

Ní alẹ́, gílóòbù ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oòrùn. Ọ̀pọ̀ gílóòbù LED tó wà lọ́jà wa ni wọ́n kọ 6500K sí lára, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ funfun tó ń fà sí búlúù. Lábẹ́ irú iná yìí, eérú tó bá ti ní búlúù nínú yóò le bí ògiri ilé ìwòsàn. Èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí lára máa ń ta ìmọ́lẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ti fìtílà elépo, ó sì máa ń jẹ́ kí eérú rọ̀. 4000K wà ní agbedeméjì. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ kò ní pààrọ̀ gílóòbù, gílóòbù tí ẹ ní ni kí ẹ fi yan ọ̀dà. Ẹ sì rántí pé wákàtí mélòó kan wà lálẹ́ tó jẹ́ pé iná tí a ń ṣájì tàbí gílóòbù kan ṣoṣo lórí ínfátà ni gbogbo ìdílé yóò jókòó yí ká. Ògiri tó mọ́ yóò gbé ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn kiri yàrá. Ògiri tó ṣú yóò gbé e mì, àyíká fìtílà nìkan ni yóò sì mọ́. Àwọn tó ń kọ ìmọ̀ràn ọ̀dà láti ilẹ̀ òkèèrè kì í sọ̀rọ̀ nípa èyí, nítorí pé kò kàn wọ́n. Ó kàn wá gidigidi.

Fún àwọn ará wa tó wà ní London, ọ̀rọ̀ àríwá tí mo pa tì lẹ́ẹ̀kan jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. London wà ní ìwọ̀n 51 àti ààbọ̀ sí òkè ìlà agbedeméjì ayé, fèrèsé tó kọjú sí àríwá níbẹ̀ kì í sì í rí oòrùn tààrà àfi díẹ̀ ní àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Eérú tó mọ́ tó sì ní búlúù nínú yóò dàbí yìnyín nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ láti oṣù kọkànlá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ eérú níbẹ̀, kó wá èyí tó ní búráùn díẹ̀ nínú.

Oríṣi eérú tó wà

Bí ẹ bá ti mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ó ku àwọ̀ tó fara pamọ́ sínú eérú. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí eérú kan lọ́jà tó jẹ́ funfun àti dúdú lásán. Àwọn kan ní búlúù nínú, bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣú. Àwọn kan ní búráùn, bí ìyẹ́ àdàbà. Àwọn kan ní ewé tútù, bí òkúta tí ewéko wẹ́wẹ́ ti ń hù lára rẹ̀. Àwọn kan sì ní àlùkò. Lára káàdì, ẹ kò ní rí i. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ to eérú mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìwé funfun: lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀kan yóò jọ aláàlùkò, tí òmíràn yóò sì jọ ti àdàbà.

Ohun tó ń ba eérú jẹ́ jù lọ nínú ilé wa ni táìsì ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní táìsì kírímù tàbí aláwọ̀ oyin, àga aláwọ̀ búráùn àti ilẹ̀kùn igi. Ẹ fi eérú oní-búlúù sí àárín wọn, yóò dàbí ẹni pé ẹ fi àlùkò kùn ún, bẹ́ẹ̀ akunlé kò ṣe ohunkóhun tó burú. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di olórí ibi ìpaláró ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Gobelins ní Paris ní 1824, bá irú ẹjọ́ yìí pàdé. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé òwú dúdú tí wọ́n pa láró níbẹ̀ kò dúdú tó. Ó wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé aró náà kò lẹ́bi, pé àwọ̀ tí wọ́n hun sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú dúdú ló ń yí i padà lójú. Ní 1839 ó tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń ti aládùúgbò rẹ̀ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀: ohun tó ní yẹ́lò nínú yóò ti eérú sí búlúù àti àlùkò, ohun tó pupa yóò tì í sí ewé tútù. Ẹni tó bá ti wo sányán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtù lójú agbo ijó ti rí i bí ọ̀kan ṣe ń mú kí èkejì yọ.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ kírímù, eérú àdàbà ni kí ẹ wá, yálà ó mọ́ tàbí ó ṣú. Bí táìsì bá funfun tàbí tó jẹ́ eérú fúnra rẹ̀, eérú òjò yóò bá a mu. Ilẹ̀kùn igi ìrókò tàbí mahogany máa ń dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ eérú tó ṣú púpọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, bí ilé bá ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, mo máa ń gba onílé níyànjú pé kó má ṣe fi ọ̀dà bò ó. Ní ti pupa, ẹ wo odídẹrẹ́: gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ eérú, ìyẹ́ àyà rẹ̀ mọ́, ìyẹ́ apá rẹ̀ ṣú díẹ̀, ìkóódẹ pupa kékeré tó wà nídìí rẹ̀ sì ni gbogbo ojú ń lọ bá. Tìmùtìmù pupa méjì lórí àga tó. Bí ẹ bá fi kọ́tìnì pupa àti kápẹ́ẹ̀tì pupa kún un, eérú kò ní hàn mọ́.

Láti yàrá dé yàrá

Pálọ̀ ni mo ti máa ń gbà kí ènìyàn lo méjèèjì pọ̀. Ẹ fi eérú tó mọ́ kun ògiri mẹ́ta, kí ẹ sì fi èyí tó ṣú kun ògiri kan ṣoṣo. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni ògiri wo. Ọ̀pọ̀ máa ń yan ògiri tí fèrèsé wà lára rẹ̀, àṣìṣe sì ni, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé yóò máa ta sí ojú ẹni tó ń wò ó, ògiri tó yí fèrèsé ká yóò sì dàbí ihò dúdú. Ògiri tó kọjú sí fèrèsé ni ìmọ́lẹ̀ ń bà tààrà. Òun ló lè gba eérú tó ṣú kí àwọ̀ rẹ̀ sì hàn dáadáa. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wà lára ògiri tí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà dára, torí pé ògiri tó ṣú tí kò sì dán kì í bá àwòrán dìje. Bí pálọ̀ bá gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ògiri tó wà ní òpin jíjìnnà ni kí ẹ fi eérú tó ṣú kùn, yóò jọ pé ó sún wá sọ́dọ̀ yín, pálọ̀ náà kò sì ní dàbí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin mọ́.

Ẹ jẹ́ kí àjà jẹ́ funfun. Mo ti rí àjà POP tí wọ́n fi eérú kùn, ó dára nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n àjà ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tó sì ń tú u ká sórí gbogbo yàrá, pàápàá nínú ilé tí àjà rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án lọ.

Yàrá ibùsùn ni mo ti máa ń fún eérú tó ṣú láyè jù. Oorun ni a ń wá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ògiri tí orí bẹ́ẹ̀dì kọ lù ni kó ṣú, nítorí pé ẹ kò ní máa wò ó nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹni tó bá ń wọlé nìkan ni yóò máa rí ẹwà rẹ̀. Yàrá àwọn ọmọdé, ilé ìdáná àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ eérú tó mọ́, mi ò sì rí ìdí tí a fi ní láti jiyàn lé e. Balùwẹ̀ àlejò tó kéré tí kò ní fèrèsé lè ṣú bó bá wù yín, torí pé ìṣẹ́jú mélòó kan ni ènìyàn ń lò níbẹ̀, a sì ní láti tan iná bó ti wù kó rí.

Ní ti ìdọ̀tí, ọ̀pọ̀ gbà pé kì í hàn lára àwọ̀ tó ṣú. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Eruku ọyẹ́ mọ́ ju ògiri tó ṣú lọ, bó bá sì ti bà lé e, yóò hàn ketekete, gẹ́gẹ́ bí ìyẹ̀fun tó dà sórí aṣọ dúdú. Iyọ̀ funfun tó máa ń hù lára ògiri tí ọ̀rinrin ń gùn láti ìsàlẹ̀ wá tún máa ń hàn lára rẹ̀ ju ibikíbi lọ. Lára eérú tó mọ́, ọwọ́ ọmọdé ni yóò hàn, àti èéfín jẹnẹrétọ̀ bó bá ń fẹ́ wọlé, àti ẹ̀fọn tí a pa mọ́ ògiri. Eérú tó wà ní agbedeméjì, tó sì ní búráùn díẹ̀ nínú, ló ń fara da àwọn méjèèjì jù. Ìyẹn ni mo fi kun ọ̀nà àtẹ̀gùn ilé wa, ó sì ń gbè mí.

Ìdánwò lórí páálí

Ẹ má ṣe fi ọ̀dà ìdánwò kun ara ògiri tààrà, nítorí pé àwọ̀ àtijọ́ tó yí i ká yóò máa tan yín jẹ, gẹ́gẹ́ bí táìsì kírímù ṣe ń ṣe. Ẹ wá páálí tó le tàbí pákó tẹ́ẹ́rẹ́, tí gígùn àti ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá fi eérú tí ẹ fẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi etí funfun tó fẹ̀ tó ìka méjì sílẹ̀ yí i ká. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà olómi sábà máa ń ṣú sí i bó bá gbẹ, nítorí náà ohun tí ẹ rí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ẹ óò rí lára ògiri, àríyànjiyàn pẹ̀lú akunlé nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Páálí méjì ni kí ẹ ṣe, ọ̀kan tó mọ́ àti ọ̀kan tó ṣú. Ẹ gbé wọn sí ìdúró, kì í ṣe sílẹ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ kì í ba ilẹ̀ bó ṣe ń ba ògiri. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ gbé wọn sí igun, ẹ gbé wọn sẹ́yìn àga. Ẹ wò wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ gílóòbù, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ wò wọ́n nígbà tí iná bá lọ tí fìtílà ìṣájì nìkan ń tàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń lò. Ẹ pe àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kí wọ́n wá wò ó, pàápàá àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Nígbà tí mo ń dán ti pálọ̀ wa wò, ìyá mi dúró lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí dára, àmọ́ mi ò rí etí àga yẹn mọ́ o." Páálí tó ṣú wà lẹ́yìn àga aláwọ̀ dúdú, àga náà sì ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ kí n gbé eérú tó ṣú lọ sí ògiri kejì, níbi tí kò sí àga.

Bí ẹ bá wà láàrin eérú méjì tí ẹ kò mọ èyí tí ẹ fẹ́ mú, ẹ mú èyí tó mọ́ jù. Nígbà tí ògiri mẹ́rin bá ti kọjú sí ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa ta àwọ̀ rẹ̀ sí ara èkejì, gbogbo rẹ̀ yóò sì ṣú ju páálí lọ.

Rírà, pípò àti kíkùn

Ọ̀nà méjì ni a fi ń rí eérú lọ́dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni kí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ pò ó gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà káàdì. Èkejì ni kí akunlé ra ẹ̀múlíṣọ̀n (ọ̀dà olómi) funfun, kó sì máa ro àwọ̀ dúdú olómi inú ike kékeré sí i títí yóò fi dé ibi tí ẹ fẹ́. Ọ̀nà kejì yìí kò burú, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n ẹ ní láti mọ̀ pé dúdú tí wọ́n fi èédú inú èéfín ṣe máa ń fa funfun sí búlúù. Bí ẹ bá fẹ́ eérú àdàbà, ẹ ní kó fi búráùn tàbí yẹ́lò ṣíṣú díẹ̀ sí i, ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, kó sì máa fi sí páálí kó gbẹ kó tó tún fi kún un. Eérú tó ṣú gan-an kò ṣeé fi ọ̀nà yìí pò dáadáa, torí pé ẹ̀múlíṣọ̀n funfun ti kún fún títáníọ́ọ̀mù dàọ́sáìdì, ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà bo ògiri; bí ẹ bá da dúdú púpọ̀ sí i kó tó lè ṣú, ọ̀dà náà yóò ṣàn jù, kò sì ní gbá ògiri mú. Fún eérú tó ṣú, ẹ rà á ní pípò láti ilé iṣẹ́.

Yálà ẹ̀rọ tàbí ọwọ́ ló pò ó, gbogbo ọ̀dà yàrá kan ni kí a pò pọ̀ sínú agbada ńlá kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí a pò lọ́jọ́ méjì kì í bára mu, eérú sì ni àwọ̀ tí ìyàtọ̀ yẹn ti ń hàn jù. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí àjà rẹ̀ ga ní 9, ní ògiri tó tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 35 lẹ́yìn tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Lítà kan ẹ̀múlíṣọ̀n tó dára ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lórí ògiri tó dán, lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì yóò gba lítà 7, nítorí náà gálọ̀nù onílítà mẹ́rin méjì yóò tó, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Eérú tó ṣú sábà máa ń béèrè ìgbà kẹta, ẹ ṣètò owó rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ ní kí akunlé fi eérú agbedeméjì kùn ún lákọ̀ọ́kọ́ dípò funfun, kí èyí tó ṣú wá gun orí rẹ̀.

Ẹ wo ara ògiri kí ẹ tó sọ irú ọ̀dà tí ẹ fẹ́. Ọ̀dà tó ń dán, bíi sátíìnì, ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí sìkíríìdì (ohun tí a fi ń tẹ́ ojú ògiri kí a tó kùn ún) kò ti tẹ́ ni yóò fi hàn, bó bá sì ṣú, yóò fi í hàn ní ìlọ́po méjì. Èyí tí kò dán máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀, àmọ́ bó bá ṣú, ibi tí ọwọ́ tàbí àga bá ti ń fara kàn án yóò máa dán bí ojú aṣọ tó ti gbó. Ìpinnu tèmi ni sátíìnì tó mọ́ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìdáná, èyí tí kò dán fún ògiri tó ṣú ní pálọ̀ àti yàrá, níbi tí ọwọ́ kò dé lọ títí. Bí ògiri bá ń lọ́rinrin, ẹ wá ibi tí omi ti ń wá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ó sì gbẹ kí ẹ tó kùn ún; kò sí eérú kankan tó lè bo ọ̀rinrin mọ́lẹ̀ kọjá ìgbà òjò kan.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le, kí ó kún dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má bàa pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yàrá, ọjọ́, nọ́ńbà àwọ̀ tàbí iye dúdú àti búráùn tí akunlé ro sí i, sí ara ike náà, kí ẹ sì fi ìka kan nínú ọ̀dà náà kun ìdérí rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tún ibi tí àga ti há ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ lè mọ èyí tó jẹ́ ti pálọ̀ láìṣí i wò.